Kí A Tó Gbẹ́ Kànga



Ìbéèrè nípa omi tó bá rì wọlẹ̀ ni Suuratul Mulk fi parí. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn wa bí a bá fẹ́ gbẹ́ kànga tàbí bọ̀hóòlù sí ilé tàbí mọ́ṣáláṣí.

Ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àpáta líle ló pọ̀ jù lábẹ́ ilẹ̀. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta, àti ibi tí àpáta ti là, ni omi máa ń dúró sí. Ìdí nìyí tí kànga kan fi lè kún kí ti aládùúgbò gbẹ. Nítorí náà:

1. Ẹ fi okùn àti òkúta tó mọ́ wọn bí omi kànga àdúgbò ṣe jìn tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ fi ṣètò.

2. Kí kànga fi 30 mítà, ó kéré tán, jìnnà sí ṣaláńgá, kó sì wà lápá òkè rẹ̀.

3. Ẹ gbé omi lọ fún àyẹ̀wò. Síse omi ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kì í mú náítíréètì tó ń ti ṣaláńgá wá kúrò. Bó bá ju 50 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, ẹ má fi po mílíìkì ìkókó. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ gbé atẹ́gùn bó ṣe yẹ.

Omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ògiri ilé. Èyí tí a fà jù níbí lè dín ti ẹlòmíràn kù. Kí Ọlọ́hun fún wa ní omi tó mọ́ tó sì tó. Àámín.