Awọ Orí Aláàárù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní aláàárù tó ń jẹ búrẹ́dì, awọ orí rẹ̀ ló ń jẹ. Ẹni tó bá ti dúró sẹ́nu ọjà Bódìjà n'Íbàdàn ní òwúrọ̀ yóò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Aláàárù á ru àpò ìrẹsì láti ara ọkọ̀ dé ìsọ̀, á gba owó, á sì fi ra búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó yó, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé èrè lòun ń jẹ. Ọrùn tó máa ro ó lálẹ́, oògùn ara ríro tó máa rà lọ́la, àti agbára tí iṣẹ́ náà ń gé kúrò lára rẹ̀ lọ́dọọdún, kò sí ọ̀kan tó bọ́ sínú ìṣirò rẹ̀.

Òwe yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọjà nìkan. Ní òwúrọ̀ Sátidé, bí ènìyàn bá wọ ẹ́sítéètì l'Ékòó, n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta, yóò rí ọ̀dọ́ tó ń sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì àti fákúùmù kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, tó wá fọ ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni tinú-tòde. Láàárín ọ̀sẹ̀, olùkọ́ ni, tàbí akọ̀wé, tàbí ẹ̀ṣọ́ ilé ìfowópamọ́. Iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní detailing yìí ló fi ń kún owó oṣù. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ohun tí kò mọ̀ ni iye tó yẹ kó gbà.

Báwo ló ṣe ń dá iye lé e? Ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Èló lo máa ń gbà?" Ọ̀rẹ́ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Òun náà bá mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, tàbí kó tiẹ̀ yọ ẹgbẹ̀rún kan níbẹ̀ kí oníbàárà lè yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò bèèrè ibi tí ọ̀rẹ́ náà ti rí iye tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mìíràn ni.

Orúkọ tí à ń pe irú iṣẹ́ yìí gan-an wà lára ohun tó ń tan ni. Àbọ̀ṣẹ́: iṣẹ́ tí a ń ṣe nígbà tí a bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ọ̀pọ̀ gbọ́ ọ bí ẹni pé owó ibẹ̀ jẹ́ owó tí a rí he, pé iyekíye tó bá wọlé, èrè ni, níwọ̀n ìgbà tí owó oṣù ṣì wà. Èrò yìí ló ń ba oníṣẹ́ jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Wákàtí tí ènìyàn fi fọ ọkọ̀ ní Sátidé, wákàtí ìsinmi rẹ̀ ni, wákàtí tí ì bá fi wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ni. Bí a bá máa tà á, ó yẹ kó wọ́n ju wákàtí ọjọ́ Ajé lọ.

Ká mú Toyota Corolla kan tí wọ́n fọ̀ tinú-tòde ní náírà 10,000, ká sì ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Iye ọjà ń yàtọ̀ láti àdúgbò kan sí òmíràn, nítorí náà kí olùkà fi iye àdúgbò tirẹ̀ rọ́pò àwọn iye inú àpẹẹrẹ yìí. Ọṣẹ ọkọ̀, ṣámúpù àga àti wáàsì gba 2,200. Epo bẹntiróòlù lítà méjì fún jẹnẹrétọ̀ tó gbé fákúùmù àti ẹ̀rọ tí ń tu omi, 2,000. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, 1,800. Káàdì ìpè, 300. Títí dé ibí, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ á ní àwọn ti mọ ìyẹn. Èyí tó ń sá pamọ́ fún wọn ni ẹ̀rọ. Bí ó bá ra ẹ̀rọ omi àti fákúùmù ní 180,000, tí wọ́n sì fọ ọkọ̀ 120 kí wọ́n tó kọṣẹ́, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti jẹ 1,500 lára wọn. Aṣọ ìnukọ̀ mẹ́fà tó rà ní 1,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, tó nu ọkọ̀ 20 kó tó gbó, fi 300 kún un. Àpapọ̀ jẹ́ 8,100. Èyí tó kù sí i lọ́wọ́ jẹ́ 1,900.

Kò tíì tán. Wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ló fi wà nídìí ọkọ̀ náà, wákàtí méjì lójú ọ̀nà, ìdajì wákàtí nídìí ọṣẹ tó lọ rà àti aṣọ ìnukọ̀ tó fọ̀ sílẹ̀. Wákàtí méje. Bí a bá pín 1,900 sí méje, náírà 271 ló bọ́ sí wákàtí kan.

Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní náírà 70,000. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ fún ọjọ́ 22 lóṣù lórí owó yìí, díẹ̀ ló kù kí wákàtí rẹ̀ kan pé 400. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé owó yẹn kò gbé ìdílé. Afọkọ̀ yìí ra ẹ̀rọ, ó kọ́ṣẹ́, ó ta ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, kò sì rí tó bẹ́ẹ̀. Búrẹ́dì aláàárù ló ń jẹ yẹn.

Ibi wákàtí ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀rẹ́. Kó kọ́kọ́ pinnu iye tí wákàtí rẹ̀ kan tó. Bí ó bá ní 1,500, wákàtí méje di 10,500. Kó gbé e lé 8,100 tó ná, ó di 18,600. Kó wá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún òjò tó lè dá iṣẹ́ dúró, fún ike ṣámúpù tó máa dànù, fún oníbàárà tó máa ní kó padà wá tún ẹ̀yìn àga nù. Ó di 20,460. Kó pè é ní 20,500. Kò sí ojúkòkòrò nínú iye yìí, ó sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi í.

Àwọn kan yóò sá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí iye fi lè wálẹ̀ láì jẹ́ pé oníṣẹ́ ló san án: kó wá ọkọ̀ méjì sí àdúgbò kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan. Owó ọkọ̀ 1,800 di 900 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí ojú ọ̀nà méjì di ẹyọ kan. Ìṣirò kan náà á wá bọ́ sí 17,820. Ó lè gba 18,000 lọ́wọ́ aládùúgbò méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Iye yẹn, ti Corolla tí kò dọ̀tí jù ni. Ojú àwo làwo fi ń gba ọbẹ̀. Ojú náà ló yẹ kí afọkọ̀ fi gba iṣẹ́, kì í ṣe orí fóònù. Ìlà àga mẹ́ta ló wà nínú Toyota Sienna, èyí tó bá sì ń kó èrò láti ìlú sí ìlú kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ìyá kan fi ń gbé ọmọ méjì lọ sílé ìwé. Kí oníṣẹ́ fa àga iwájú síwájú, kó tan iná fóònù sábẹ́ rẹ̀. Èèpo ẹ̀pà ni, èèpo bọ̀ọ̀lì tó ti gbẹ, bísíkíìtì tí wọ́n ti tẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú, ṣingọ́ọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Kó ṣí búùtù: ṣé kẹ́ẹ̀gì epo pupa ti dà síbẹ̀ rí? Epo pupa kì í jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mílíìkì ọmọdé tó dà sábẹ́ àga tún burú jù ú lọ, nítorí òórùn rẹ̀ á máa padà wá bí oòrùn bá ti mú ọkọ̀, àfi bí wọ́n bá fọ ìsàlẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì náà, tí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ ara ọkọ̀ wò pàápàá kò le. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ ọ̀kan lára ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́, tó sì gbẹ, kí oníṣẹ́ ki ọwọ́ bọ láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó rọra fi ìka ra ara ọ̀dà náà. Ohun tí ojú kò rí ni láílọ́ọ̀nù yóò sọ: bí ó bá ń ha bí iyanrìn, ìdọ̀tí ti wọ ara ọ̀dà, amọ̀ pàtàkì tí wọ́n fi ń yọ ọ́ sì ní láti wọ ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, owó mìíràn sì ni. Bí onímọ́tò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra á, tó gbọ́ bó ṣe ń ha, àlàyé ti tán. Kí wọ́n jọ kọ ohun tí owó náà kó mọ́ra àti ohun tí kò kó mọ́ra, kí oníṣẹ́ sì ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti ha tẹ́lẹ̀ kó tó da omi sí i.

Ẹ̀tọ́ oníbàárà náà wà níbẹ̀, ó sì yẹ ká sọ ọ́ láì bò ó. Ìpele ọ̀dà tó wà lókè pátápátá, èyí tó mọ́ gaara tó ń mú ọkọ̀ dán, kò nípọn tó irun orí. Pólíìṣì tí ń yọ ìlà kúrò lára ọkọ̀, ṣe ló ń họ díẹ̀ nínú ìpele yìí, èyí tó bá sì ti lọ kò ní padà àfi bí wọ́n bá tún ọkọ̀ kùn. Oníṣẹ́ tó bá ń rọ oníbàárà pé kó wá ṣe irú pólíìṣì bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù ń gba owó ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ni. Ẹlẹ́tàn sì ni ẹni tó fi ìpara dí ojú ìlà, tó sì gba owó ẹni tó yọ ọ́. Tí wọ́n bá ti fọ ọkọ̀ náà bí ẹ̀ẹ̀mélòó kan, ìlà á tún yọjú.

Ní ti ìdúnàádúrà, kò sí bí ọmọ Yorùbá yóò ṣe gbọ́ iye kó má ná an. Kò yẹ kó bí oníṣẹ́ nínú. Àwọn ìyá ọlọ́jà ti fi ọ̀nà rẹ̀ hàn wá tipẹ́. Ẹni tó bá ra gààrí mọ̀ pé ìyá náà lè má yọ kọ́bọ̀ lórí kóńgò, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ̀n ọ́n tán, á fi ọwọ́ bu díẹ̀ lé e. Èènì nìyẹn. Oníbàárà á dúpẹ́, á sì padà wá. Ìyá náà kò pàdánù, torí kó tó jókòó sídìí ọjà láàárọ̀ ló ti mọ̀ pé òun máa bu ẹ̀kúnwọ́ yẹn. Bí oníbàárà bá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," kí afọkọ̀ dáhùn pé, "Ẹ má bínú, mà, iye yẹn kò ní gbé e. Ṣùgbọ́n màá bá yín pa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó dúdú, màá sì nu etí ilẹ̀kùn gbogbo." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé agbára ẹni náà kò gbé e lóòótọ́, kí wọ́n gé iṣẹ́ kù: kó fọ inú nìkan, kó fi ìta sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Gbígba owó kékeré fún odidi iṣẹ́ ni kó sá fún.

Ibi tó le jù ni ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ẹni. Ẹ̀gbọ́n bàbá gbé jíìpù wá, alàgbà ìjọ gbé tirẹ̀ wá, aládùúgbò tó ti ṣe oore rí náà dé. Ojú ń ti ọmọ tó kéré láti pe owó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ kí wọn bó ti yẹ, kó sì sọ iye rẹ̀ kí omi tó kan ọkọ̀. Bí ó bá wù ú kó fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ohun rere ni, kó ṣáà sọ ọ́ pé, "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni, sà, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni mo fi ṣe fún yín lónìí." Ẹni tó bá gbọ́ iye tó wà nínú ẹ̀bùn yóò mọ iyì rẹ̀, kò sì ní gbé ọkọ̀ mìíràn wá ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹlòmíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí a kì í sábà rántí: àwọn tó ń fọ ọkọ̀ létí títì látàárọ̀ dalẹ́, tí wọn kò ní owó oṣù kankan tó ń bọ̀. Oníṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ tó ń ti iye wálẹ̀ nítorí pé owó oṣù ń bọ́ ọ, ẹnu wọn ló ti ń gbà á. Ìwà tí kò dára ni.

Iye tí a dá lé iṣẹ́ lónìí kò sì lè dúró títí ayé. Kó tó di 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó náírà 200 ní ilé epo l'Ékòó. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ó kọjá 500 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tó sì máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti súnmọ́ 1,000. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 yẹn kan náà, owó iná mànàmáná àwọn tó wà ní ìsọ̀rí A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lọ lójúmọ́, gbéra láti nǹkan bíi 68 sí 225 náírà fún ìwọ̀n kan. Ẹni tó bá fi iye ọdún 2022 fọ ọkọ̀ jálẹ̀ àkókò yìí ló ń ra epo fún oníbàárà rẹ̀. Kó máa yẹ ìwé rẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, bí iye bá sì máa yí, kó fi tó oníbàárà létí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó má jẹ́ pé ọjọ́ tó gbé ọkọ̀ dé ló máa gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ̀bẹ̀ kan wà fún yín. Ní Sátidé tó ń bọ̀, nígbà tí ọmọ náà bá pe owó, kí ẹ tó ná an, ẹ bi í pé wákàtí mélòó ni iṣẹ́ náà máa gbà àti pé èló ló ná láti dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kó dáhùn tán.