Lupus, Ẹ̀jẹ̀ Ríru Inú Ẹ̀dọ̀fóró, àti Ìka Tó Ń Tutù

Nígbà tí a bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún àwọn ará lẹ́yìn Jímọ̀ ní Kétu àti Ìkòsí, a máa ń rí arábìnrin tí dókítà ti sọ fún pé ó ní lupus. Yóò ní òun kì í lè gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ Mile 12 láìdúró mí. Ẹ̀rọ á fi 110/70 hàn, ọkọ rẹ̀ á sì ní, "Alhamdulillahi, kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru."

Ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ apá kò lè wọn ti ẹ̀dọ̀fóró. Apá òsì ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Apá ọ̀tún ló ń tì í sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nínú lupus, àwọn ọmọ-ogun ara a máa bá ara fúnra rẹ̀ jà. Wọ́n lè mú kí àwọn iṣan kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró nípọn, kí ojú wọn fún, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ tó dì há síbẹ̀. Apá ọ̀tún ọkàn á máa tiraka títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ onílupus ló ń ní in, ṣùgbọ́n ó ń pani.

Èémí tó ń já nígbà iṣẹ́ díẹ̀, òòyì, dídákú, ẹsẹ̀ wíwú: ẹ má sáré pè é ní asthma tàbí ọwọ́ ayé. Ẹ gba lẹ́tà ní Jẹ́nẹ́rà Gbàgádà lọ sọ́dọ̀ dókítà lupus ní LASUTH, Ìkẹjà, kí ẹ sì béèrè fún àyẹ̀wò ọkàn tí wọ́n ń pè ní echo. Àìsàn yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan: ní 2009, Femi Adelowo àti ẹnìkejì rẹ̀ kọ̀wé lórí ọmọ Nàìjíríà 66 tó ní lupus. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ìka náà ń sọ̀rọ̀. Bí òtútù bá mú un tó funfun, tó dúdú bí aró, tó wá ń ta, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ló ń sún kì. Lára aláwọ̀ dúdú, èékánná àti àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ wò. Onílupus tó ní èyí gbọ́dọ̀ ṣọ́ èémí rẹ̀ gidigidi. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣe àlùwàlá Asùbáà nígbà ọyẹ́. Bí omi yóò bá pa aláìsàn lára, tayamọ́ọ̀mù wà nínú áyà 6 Súúrà Al-Máídah. Ẹni tí ìdúró bá sì ni lára lè jókòó kírun.

Ẹ sọ fún apòògùn pé ẹ ní lupus kí ẹ tó ra oògùn ọ̀fìnkìn: èyí tí pseudoephedrine wà nínú rẹ̀ ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀dọ̀fóró kò gbọdọ̀ lóyún láìtíì bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Oyún lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ má sì dá prednisolone dúró lójijì nítorí Ràmàdáànì. Ẹ lọ bá dókítà ní Ṣàbáànì, kí ó tó àkókò oògùn sí Sààrì àti ìṣínu, tàbí kí ó ní kí ẹ má gbààwẹ̀.