Etí tí Ẹ̀rọ MRI fi ń Gbọ́rọ̀: Àlàyé Díẹ̀ lórí Áńtẹ́nà rẹ̀

Bí a bá ti dárúkọ áńtẹ́nà, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni òpó gíga tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò máa ń rì mọ́lẹ̀, tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń fà yọ lẹ́yìn rédíò. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ni láti rán ìgbì lọ sí ọ̀nà jíjìn tàbí láti gbà á láti ọ̀nà jíjìn. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú àpilẹ̀kọ yìí yàtọ̀ sí wọn pátápátá. Òun kò fẹ́ ọ̀nà jíjìn rárá. Bí ó bá fi ìka mélòó kan jìnnà sí ohun tí ó yẹ kí ó gbọ́, etí rẹ̀ ti ń di nìyẹn. Òun ni áńtẹ́nà ẹ̀rọ MRI, ẹ̀rọ tí a fi ń ya àwòrán inú ara ènìyàn láì fi ọ̀bẹ kàn án. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè é ní kọ́ìlì, èmi náà yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀.

Orúnkún ìyá mi ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí orúnkún náà ń dùn wọ́n tí wọn kò lè gun àtẹ̀gùn ilé mọ́, dókítà ní kí a lọ ya MRI. Owó tí a san kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán náà jáde, ó dà bí ohun tí ènìyàn ń wò láàrin kùrukùru ọyẹ́. Dókítà wò ó títí, ó ní òun kò lè fi í sọ ohunkóhun. Mo bi ọmọkùnrin tí ó wà nídìí ẹ̀rọ náà léèrè ohun tí ó fà á. Ó ní kọ́ìlì orúnkún ti bàjẹ́ láti oṣù mélòó kan, pé kọ́ìlì ńlá tí ó wà nínú ògiri ẹ̀rọ ni àwọn fi yà á. N kò mọ ohun tí ó ń sọ lọ́jọ́ náà. Òòfà kan náà ni, ènìyàn kan náà ni, orúnkún kan náà ni. Kí ni wáyà bàbà kékeré kan fẹ́ fi kún un?

Kí a tó lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kọ́ìlì ń gbọ́. Omi ni ó pọ̀ jù nínú ara wa, háídírójìn méjì sì wà nínú ẹyọ omi kọ̀ọ̀kan. Nínú háídírójìn kọ̀ọ̀kan ni pírótọ́ọ̀nù kan wà tí ó ń ṣe bí òòfà tíntìntín. Ẹni tí ó bá ti ta òkòtó rí yóò rántí pé bí òkòtó bá ń yí tí ó sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣubú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Orí rẹ̀ yóò máa yí po bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pírótọ́ọ̀nù ń ṣe nínú òòfà tí ó lágbára. Bí òòfà náà bá ṣe lágbára tó ni yóò ṣe máa yára tó: nínú òòfà Tesla 1, yóò yí po ní ìgbà mílíọ̀nù 42.58 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí a lè kọ báyìí: 42.58 MHz. Ẹ̀rọ 1.5 T tí ó wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bíi 64 MHz, ti 3 T sì ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bíi 128 MHz. Ẹ ó ṣe àkíyèsí pé àárin méjèèjì ni rédíò FM wà, láti 88 dé 108. Ìdí nìyí tí a fi ń fi bàbà tàbí irin mìíràn bo ògiri, àjà àti ilẹ̀ yàrá MRI látòkè délẹ̀, kí ariwo ìta má baà wọlé.

Ní 1946 ni Felix Bloch ní Stanford àti Edward Purcell ní Harvard, tí oníkálukú ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, kọ́kọ́ gbọ́ ohùn yìí láti inú ohun tí wọ́n gbé sínú òòfà. Wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1952. Ní 1973 ni Paul Lauterbur fi hàn pé a lè fi ohùn náà ya àwòrán. Òun àti Peter Mansfield ti Nottingham gba Nobel tiwọn ní 2003.

Kọ́ìlì ni ó kọ́kọ́ ń ti àwọn pírótọ́ọ̀nù kí wọ́n fì sí ẹ̀gbẹ́, òun náà ni ó sì ń tẹ́tí sí wọn lẹ́yìn náà. Ọ̀nà tí ó ń gbà gbọ́ kò yàtọ̀ sí ti dáínámò kẹ̀kẹ́ ológeere: bí òòfà bá ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà bàbà, iná yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú wáyà náà. Ṣùgbọ́n iná tí dáínámò ń mú wá lè tan gílóòbù. Èyí tí ó ń ti ara ènìyàn wá kéré jọjọ. Bí wáyà bá sì ṣe ń jìnnà sí ara ni ó ń rẹlẹ̀ sí i.

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ìjìnnà yìí nìkan ni ó ba àwòrán ìyá mi jẹ́. Ó ku ohun kan tí n kò mọ̀, òun gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ẹ̀rọ 1.5 T, kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó ń pariwo jù, ara aláìsàn ni. Ara wa lọ́ wọ́ọ́rọ́, iyọ̀ wà nínú omi rẹ̀, iná mànàmáná sì lè gbà á kọjá. Àwọn ohun tíntìntín tí ó ń gbé iná nínú rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ìrọ́kẹ̀kẹ̀ wọn ni kọ́ìlì ń gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ariwo. Kọ́ìlì ńlá inú ògiri gbọ́ ohùn orúnkún ìyá mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ariwo itan wọn, ti ojúgun wọn, àti ti ẹsẹ̀ kejì tí kò ní àrùn kankan. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan láàrin ọjà kò ní lọ dúró sórí òkè. Yóò gbé etí sún mọ́ ẹnu onítọ̀hún ni. Kọ́ìlì kékeré tí ó yí orúnkún nìkan ká kò gbọ́ itan, nítorí náà kò gbọ́ ariwo itan.

Ẹnì kan lè wá bèèrè pé, kí ló dé tí a kò kàn we wáyà yí ènìyàn ká bí ẹni ń we òwú? Ìdí ni pé kọ́ìlì kì í gbọ́ nǹkan kan àfi bí ojú rẹ̀ bá dábùú ọ̀nà tí agbára òòfà ńlá náà ń gbà. Nínú ẹ̀rọ oníhò gbọọrọ tí a ń ti ènìyàn bọ̀, láti orí dé ẹsẹ̀ ni agbára òòfà ń rìn. Bí a bá we wáyà yí ènìyàn ká, ọ̀nà kan náà ni wáyà àti òòfà yóò kọjú sí, etí yóò sì di pátápátá. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí Cecil Hayes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ General Electric gbé kọ́ìlì kan jáde ní 1985 tí a ń pè ní àgò ẹyẹ. Òrùka bàbà méjì ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá bàbà bíi mẹ́rìndínlógún tí ó so wọ́n pọ̀, àti àwọn kàpásítọ̀ tí a jó mọ́ wọn. Iná kì í rìn bákan náà nínú gbogbo ọ̀pá: ó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀pá dé ọ̀pá, ó sì tún ń dín kù, tí agbára inú àgò náà fi tẹ́jú káàkiri. Orúkọ yìí wù mí. Ẹni tí ó bá ti rí àgò adìẹ rí kò nílò àwòrán.

Kọ́ìlì gbọ́dọ̀ bá pírótọ́ọ̀nù dọ́gba lóhùn, kàpásítọ̀ ni a sì fi ń yí ohùn rẹ̀. Bí ara ènìyàn bá ti wọ inú rẹ̀, ohùn náà yóò yẹ̀. Ti ẹni sísanra kò sì rí bí ti ẹni tín-ín-rín. Àwọn onílù wa mọ irú ìyọnu yìí: awọ tí ó dún dáadáa lánàá yóò rọ̀ bí òjò bá rọ̀, wọn a sì yá a sí oòrùn kí ó tó jẹ́ ohùn.

Kọ́ìlì kékeré ní àléébù tirẹ̀. Òrùka tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà márùn-ún kò gbọ́ dáadáa kọjá nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà márùn-ún sínú ara. Ó dára fún ọwọ́. Kí ni a ó ṣe fún ẹ̀dọ̀ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn? Peter Roemer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dáhùn ní 1990: kí a to ọ̀pọ̀ òrùka kéékèèké pọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbọ́ tirẹ̀, kí a wá pa ohun tí wọ́n gbọ́ pọ̀. Wàhálà tí ó wà níbẹ̀ ni pé òrùka tí ó bá fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn yóò máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ dípò kí wọ́n gbọ́ ti aláìsàn. Wọ́n ní kí a mú etí ọ̀kan gun orí èkejì díẹ̀, tí àárin méjèèjì yóò fi jìnnà síra tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbú òrùka kan. Ohun tí ọ̀kan fi ránṣẹ́ gba ibi tí wọ́n ti gun ara wọn yóò pa èyí tí ó gba ibi tó kù, wọn kò sì ní gbọ́ ara wọn mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀ kí n tó gbà. Lónìí, kọ́ìlì orí tí ó ní etí 32 kì í ṣe ohun àjèjì.

A mú ìyá mi lọ sí ìlú mìíràn. Òòfà ti ibẹ̀ náà jẹ́ 1.5 T, kò lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ṣí kọ́ìlì orúnkún sí méjì, wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn sí i, wọ́n pa á dé. Nínú àwòrán tí ó jáde, ibi tí egungun rírọ̀ inú orúnkún ti ya hàn gedegbe bí ìlà lórí àtẹ́lẹwọ́. Owó ẹ̀ẹ̀mejì ni a san kí a tó rí i.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé bàbà lásán ni kọ́ìlì, tí àlùmọ́ọ́nì kankan fi lè jó o pọ̀ bí ó bá kán. Nígbà tí kọ́ìlì ńlá bá ń ti pírótọ́ọ̀nù, kọ́ìlì kékeré gbọ́dọ̀ di etí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yà kékeré kan tí ń jẹ́ dáyóòdù ni ó ń ṣe èyí. Bí dáyóòdù náà bá kú, agbára yóò rọ́ wọ inú kọ́ìlì, ó sì lè jó awọ aláìsàn. Agbára yìí náà ni òfin àgbáyé fi ní kí ó má kọjá 2 W fún kílógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan bí a bá ń lo ẹ̀rọ lọ́nà tí ó wọ́pọ̀.

Bí òòfà kò bá lágbára púpọ̀, nǹkan yí padà. Ní 2022, ní Yunifásítì Mbarara ní Uganda, wọ́n kó òòfà wẹ́wẹ́ jọ sí òrùka mẹ́tàlélógún, wọ́n fi wọ́n ṣe ẹ̀rọ MRI tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.05 T. Olùkọ́ mẹ́rin àti ènìyàn mẹ́fà tí kò ṣe irú rẹ̀ rí ni wọ́n tò ó. Láti ọjọ́ tí ẹrù dé sí ìgbà tí wọ́n rí àwòrán àkọ́kọ́, nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ni. Ohùn pírótọ́ọ̀nù níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi 2 MHz lọ, ara aláìsàn kì í sì í pariwo tó bẹ́ẹ̀ mọ́; bàbà kọ́ìlì fúnra rẹ̀ ni ó ń pariwo jù, nítorí náà irú wáyà tí a lò àti bí a ṣe wé e ni ó ṣe kókó. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, agbára òòfà ń dábùú ara ni, kò rìn láti orí dé ẹsẹ̀. Wáyà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan pé a kò lè we yí ènìyàn ká, níbẹ̀ a lè wé e yí orí ọmọdé ká bí ẹni ń we òwú.