Nígbà Tí Ìkànnì Bá Ní Kí A Má Wọlé: Kí Ni 401, 403 àti 429 Ń Sọ?

Lásìkò project báyìí, a máa ń wá ìwé kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì títí "Access Denied" á fi yọ sí wa. Ọ̀pọ̀ á ti ojú ìwé náà pa, wọ́n á yọ iṣẹ́ tó ṣe kókó náà kúrò nínú àpilẹ̀kọ wọn. Ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tó bá a wá.

Bí àlejò ṣe ń pàgò kó tó wọlé ni browser wa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà server. Nọ́ńbà ni server fi ń dáhùn. Èyí tó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀ ń sọ pé ọ̀dọ̀ àlejò ni ọ̀rọ̀ wà; èyí tó bá fi 5 bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ onílé ni.

401: "Ta nìyẹn?" Ohun tí wọ́n kọ sí i ni "Unauthorized", ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ ìmọ̀ ìtumọ̀ á rí i pé orúkọ yìí ń ṣini lọ́nà. Kì í ṣe pé a ò láṣẹ. Server ò tíì mọ ẹni tí a jẹ́ ni. Ẹ tún login, kí ẹ yẹ password wò, kí ẹ sì rí i pé browser gba cookies.

403: "Mo gbọ́, ṣùgbọ́n o ò ní wọlé." Èyí ló wọ́pọ̀ jù fún wa. Àdírẹ́sì IP ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì iléèwé ni ọ̀pọ̀ ìkànnì jọ́nà fi ń dá akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ẹni tó bá lo dátà fóònù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, àlejò ni lójú wọn. Ẹ gbìyànjú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìkàwé, tàbí kí ẹ bi wọ́n níbẹ̀ bóyá ọ̀nà wà láti wọlé láti ilé. Ẹ pa VPN. Ẹ wò ó bóyá àdírẹ́sì tí ẹ tẹ̀ pé. Ẹ pa cookies ìkànnì náà rẹ́, kí ẹ tún un ṣí.

429: "Ó tó gẹ́ẹ́!" Ọdún 2012 ni wọ́n fi nọ́ńbà yìí kún un. Ìbéèrè ti pọ̀ jù láàárín àkókò kúkúrú. Títẹ refresh léraléra ń dá kún un ni. Ẹ sinmi díẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá jọ ń lo IP kan, ìlò àwọn ẹlòmíràn lè kó bá yín.

451: "Òfin ló ní kí n tì í." Wọ́n fọwọ́ sí i ní ọdún 2015, orúkọ ìwé ìtàn àròsọ Ray Bradbury, *Fahrenheit 451*, tó jáde ní 1953, ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Refresh ò lè ṣí èyí.

Bí ìkànnì yín ni ẹ ń kọ́, tí 403 sì ń yọ, ẹ wo àṣẹ orí fáìlì. Lórí Linux, 755 ni wọ́n sábà máa ń fún fódà, 644 fún fáìlì.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ẹ kọ̀wé sí onílé: ẹ sọ àdírẹ́sì ojú ìwé, nọ́ńbà tó yọ àti àkókò tó ṣẹlẹ̀. Ẹ sì lè fi ímeèlì tọrọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kì í ṣahun. Ẹ má ṣáà lo password ẹlòmíràn.