Edé Pupa ti Adágún Naivasha

Ẹ̀kọ́ wa ní àkókò yìí jẹ́ nípa ẹ̀dá omi kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fi ojú rí, ṣùgbọ́n tí ó yẹ kí a mọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Edé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe edé gbígbẹ tí àwọn ìyá wa ń lọ̀ sínú ọbẹ̀. Tiwa yìí, ẹ̀dá kékeré ti òkun àti ti ọ̀sà ni, èèpo rẹ̀ rọ̀, kò sì ní ọwọ́ ńlá. Àwọn tí ń sọ Òyìnbó ní ọjà ń pè é ní kréfíìṣì, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ni orúkọ náà. Kréfíìṣì tòótọ́ ń gbé inú omi tí kò ní iyọ̀. Èèpo ara rẹ̀ le, ó sì ní ọwọ́ méjì bí ti akàn, èyí tí ó fi ń já nǹkan. Ní gbogbo Áfíríkà, erékùṣù Madagáskà nìkan ni Ọlọ́run dá irú rẹ̀ sí. Gbogbo èyí tí a ń rí níbòmíràn ní Áfíríkà lónìí, ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé e wá.

Èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa pupa bí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ó bá dàgbà. Àwọn irà Louisiana àti àyíká rẹ̀, ní apá gúúsù Amẹ́ríkà, ni ilé rẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó bí sẹ̀ǹtímítà 10. Abo kan lè yé ẹyin 200 sí 600, kì í sì í fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹja láti jẹ. Abẹ́ ìrù rẹ̀ ni ó ń so wọ́n mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ti ń dì mọ́ ìyá wọn títí wọn ó fi lè dá jẹun. Kò fẹ́rẹ̀ sí ohun tí kì í jẹ: ewéko tútù, ewé jíjẹrà, ìṣáwùrú, kòkòrò omi, ẹyin ẹja, àní ọmọ ara rẹ̀ pẹ̀lú. Bí omi bá ń gbẹ, a máa gbẹ́ ihò sí etí odò, a sì wọ inú rẹ̀ lọ dúró de òjò. Bí ibi tí ó wà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, a máa jáde ní òru nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, a sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí omi mìíràn. Nítorí níwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ kò bá gbẹ, ó lè mí lórí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé òun fi í sínú kòtò-ẹja ti ara òun nìkan kò mọ irú àlejò tí òun gbà.

Adágún Naivasha wà ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ó sì fi nǹkan bí mítà 1,890 ga ju òkun lọ. Ní àtètèkọ́ṣe ẹja kékeré kan ṣoṣo ni ó jẹ́ ọmọ onílé nínú rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1925 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹja ibòmíràn dà sí i, àwọn irú epìyà, àti ẹja Amẹ́ríkà kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ní ọdún 1970 àwọn aláṣẹ ọ̀rọ̀ ẹja kó edé pupa wá láti Ùgáńdà, níbi tí a ti gbé e dé ṣáájú, wọ́n sì dà á sínú adágún náà, kí àwọn apẹja lè rí ohun tuntun tà. Kì í ṣe ènìyàn búburú ni ó ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó dà bí ẹni pé èrò wọn tọ́, nítorí ní nǹkan bí ọdún 1975 a ti ń kó edé náà lọ tà ní Yúróòpù. Òwò náà kò pẹ́ tí ó fi rẹ̀yìn. Edé kò rẹ̀yìn.

Òṣíbàtà pọ̀ lójú adágún náà nígbà náà, irú èyí tí òdòdó rẹ̀ jọ àwọ̀ ojú ọ̀run. Ewéko mìíràn sì wà lábẹ́ omi, níbi tí ẹja kéékèèké ń sá pamọ́ sí. Ẹ̀yin mọ ohun tí àwọn baba wa gbà nípa òṣíbàtà, pé ewé tí ń lékè omi ni. Omi kọ́ ni ó borí ti Naivasha. Ìsàlẹ̀ ni a ti jẹ ẹ́. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ewéko abẹ́ omi ti pòórá, òṣíbàtà kò sì fẹ́rẹ̀ sí mọ́. Àwọn apẹja pẹ̀lú rí ìyà: edé a máa gun àwọ̀n lọ bá ẹja tí ó há, a jẹ ẹ́, a sì ba àwọ̀n jẹ́. Àwọn kan wí pé ẹ̀bi ewéko náà kì í ṣe ti edé nìkan, nítorí àwọn oko òdòdó tí ó yí adágún náà ká àti ajílẹ̀ tí òjò ń gbá wọ inú rẹ̀. Òtítọ́ sì wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí edé dín kù ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, ewéko tún hù. Nígbà tí edé tún pọ̀, ewéko tún lọ. Lójú tèmi, ẹ̀rí yìí tó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé Kẹ́ńyà nìkan ni ọ̀ràn náà kàn. Ní ọdún 1973 àti 1974 a gbé edé yìí kan náà dé ilẹ̀ Spéìn. Ó wọ inú oko ìrẹsì, ó ń jẹ èéhù ìrẹsì, ó sì ń gbẹ́ ihò sínú ògiri amọ̀ tí ó dá omi oko dúró, tí omi fi ń jò lọ. Kí àwọn tí ń gbin ìrẹsì ní àbàtà nínú wa ronú sí èyí.

Nísinsin yìí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣòro, nítorí rere kan wà nínú edé yìí tí kò yẹ kí a fi pamọ́. Ìṣáwùrú omi ni ó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àìsàn tí ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn abúlé tí ó wà lẹ́bàá dáàmù Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ̀ ọ́n dunjú. Edé pupa sì fẹ́ràn ìṣáwùrú púpọ̀. Ní Kẹ́ńyà àwọn onímọ̀ dà á sínú àwọn omi kéékèèké kan tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò, wọ́n sì kọ ọ́ ní ọdún 1999 pé ìṣáwùrú dín kù, àti pé àwọn ọmọ tí a ti wò sàn kò tún kó àìsàn náà tó àwọn tí ó wà níbi tí kò sí edé. Olùkọ́ ni èmi náà, mo sì mọ bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ti dùn létí ẹni tí ó ti rí ọmọ tí ń sunkún níbi ìtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Oògùn àtọ̀sí ajá wà, praziquantel ni orúkọ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì lè fún àwọn ọmọ ní ọdún yìí, kí wọ́n tún fún wọn ní ọdún tí ń bọ̀. Kànga wà, ṣáláńgá wà, a sì lè kọ́ ọmọ kí ó má tọ̀ sínú odò. Èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí ni a lè dá dúró bí kò bá ṣe rere. Edé kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bá ti wọ adágún ńlá tàbí odò tí ń ṣàn, kò sí ẹni tí ó tíì lè kó o tán. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ Égíptì kú nígbà tí Mósè gbàdúrà, ṣùgbọ́n edé Naivasha wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Àwa náà mọ irú àlejò yìí. Ní ọdún 1984 ni koríko omi olódòdó àlùkò gba ọ̀nà omi Àgbádárìgì wọlé tọ̀ wá. Láti ìgbà náà ni ó ti ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ní ọ̀sà Èkó àti ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe gbé e kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin apẹja, ẹ kíyè sí àmì wọ̀nyí. Edé ńlá ti odò wa ní ọwọ́ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, èèpo rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ti àjèjì nípọn, èèpo rẹ̀ le bí ti akàn, ọwọ́ rẹ̀ kì, ó sì ní kókó pupa wínníwínní lára. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a nínú àwọ̀n, kí ó má ṣe dá a padà sínú omi, kí ó má sì ṣe gbé e láàyè lọ sí ibòmíràn. Kí ó pa á, kí ó fi í sínú iyọ̀, kí ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì ẹja ti ìjọba pẹ̀lú orúkọ odò náà. Omi inú garawa tí ó fi gbé e, orí ilẹ̀ gbígbẹ tí ó jìnnà sí odò ni kí ó dà á sí, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lè fò wọ́n.