Gbèdéke Ìyàbàrá nínú Ìwádìí Èrò Ará Ìlú: Ìperí àti Ìtumọ̀ Rẹ̀

1. Ìfáárà

Nígbà ìdìbò, ìròyìn a máa kéde ẹni tí ìwádìí èrò ará ìlú sọ pé ó ń léwájú, ṣùgbọ́n a máa fo gbólóhùn kékeré ìsàlẹ̀ àtẹ, èyí tó sọ iye tí èsì lè fi lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá pe iye náà ní 'àlà àṣìṣe', òǹkàwé yóò rò pé olùwádìí jẹ́wọ́ ẹ̀bi ni, nítorí pé ẹni tó ṣe àṣìṣe ni àṣìṣe ń tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Olùwádìí tó ṣe ohun gbogbo bó ti yẹ kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé díẹ̀ ló bi léèrè dípò ọ̀pọ̀.

2. Àwọn Ìperí

(i) àpapọ̀: gbogbo ènìyàn tí ìwádìí fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.
(ii) àyọwò: àwọn tí wọ́n yọ láti inú àpapọ̀ láti bi léèrè.
(iii) àyọwò aláìṣègbè: èyí tí gbogbo ènìyàn inú àpapọ̀ ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sí.
(iv) gbèdéke ìyàbàrá: ibi tí èsì àyọwò lè yà bàrá dé kúrò lára òtítọ́ àpapọ̀.
(v) òṣùwọ̀n ìdánilójú: iye ìgbà, nínú 100 irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, tí òtítọ́ yóò bọ́ sínú gbèdéke. 95 ló wọ́pọ̀.
(vi) ìgbèsápákan: kí ọ̀nà ìyọwò gbè sẹ́yìn àwọn kan.

3. Ìṣírò

Láti mọ gbèdéke ní ìdánilójú 95, kí olùkọ́ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé, bó bá sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, yóò jẹ́ iye ènìyàn inú àyọwò, kí ó sì fi pín 100. Ká ní wọ́n bi 400 ènìyàn léèrè ní Ṣómólú, láti Onípanu dé Bàrígà. 20 lọ́nà 20 ni 400. Nítorí náà gbèdéke jẹ́ 5. Bí Lágbájá bá gba 52 nínú ọgọ́rùn-ún, tí Tàmẹ̀dù gba 48, òtítọ́ ti Lágbájá lè wà láàárín 47 sí 57, ti Tàmẹ̀dù láàárín 43 sí 53. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Lágbájá ló ń léwájú. Bí 100 nínú wọn bá jẹ́ ará Bàrígà, gbèdéke tiwọn nìkan di 10. Láti dín 5 kù sí ìdajì, 1,600 ènìyàn ni wọn yóò bi léèrè, kì í ṣe 800.

Títóbi àpapọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìṣírò yìí. Ẹni tó bá ro ọbẹ̀ pọ̀ dáadáa, ṣíbí kan ni yóò fi mọ bí iyọ̀ ti rí, ì báà ṣe ìkòkò ilé, ì báà ṣe ìkòkò ìnáwó.

Ìdìbò Ààrẹ ti 25 Oṣù Kejì 2023 fi èyí hàn. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Peter Obi ní ìbò 582,454, Bola Tinubu ní 572,606. Ìyàtọ̀ wọn kò tó 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Àyọwò 10,000 ènìyàn pàápàá, tí gbèdéke rẹ̀ jẹ́ 1, kò lè fi ìdánilójú dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

4. Ibi tí Gbèdéke Kò Dé

Gbèdéke kò sọ nǹkan kan nípa ọbẹ̀ tí wọn kò rò pọ̀. Ní Amẹ́ríkà ní 1936, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn tó dá ìwé ìbéèrè ìwé ìròyìn Literary Digest padà. Wọ́n ní Landon ni yóò wọlé. Roosevelt ló wọlé, ní ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Ìgbèsápákan ni: orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti ọkọ̀ ló pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n lò.

Bákan náà, gbèdéke kò kan ẹni tó dákẹ́. Nínú ìwádìí tí NOI Polls ṣe fún ANAP Foundation ní Oṣù Kejìlá 2022, Obi ní 23 nínú ọgọ́rùn-ún, Tinubu 13, Atiku Abubakar 10. Ṣùgbọ́n 29 kò tíì pinnu, 23 sì kọ̀ láti sọ. Ẹni 52 nínú ọgọ́rùn-ún kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìbò dé, Tinubu ní 36.61, Atiku 29.07, Obi 25.40. Nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀, nǹkan bí 27 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló jáde dìbò. Ẹni tó pe ìwádìí náà ní irọ́ ṣi í kà. Ẹni tó pè é ní àsọtẹ́lẹ̀ náà ṣi í kà.

5. Ìkádìí

Ó yẹ kí ògbufọ̀ máa kọ gbèdéke sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì, kí ó kọ iye àwọn tó dákẹ́, kí ó sì yẹra fún 'ń léwájú' níbi tí ìyàtọ̀ kò bá ti ju gbèdéke lọ ní ìlọ́po méjì. 'Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba' ni Yorùbá tó bá irú èsì bẹ́ẹ̀ mu.