Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: BÍ ÒGIRI KÒ BÁ LANU, ALÁǸGBÁ KÒ LÈ WỌ̀ Ọ́

   

Ẹ̀kọ́ wa tòní kì í ṣe ti owó gààrí, kì í sì í ṣe ti owó àjọ. Ti ikọ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Akọ̀wé, kí ló kan ikọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọjà?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí.

Ọ̀kan nínú wa wúkọ́ láti ìgbà iṣu títun títí ọyẹ́ fi dé. N ò ní dárúkọ rẹ̀, n ò sì ní sọ ohun tó ń tà. Bí a bá bi í, á ní, "Ukọ́ lásán ni, ata ló ta mí lọ́fun." Ó ra àgúnmu, ó ra oògùn ikọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó nínú mọ́tò. Ó ń rù, aṣọ ń jò lára rẹ̀. Àwa tí a jókòó tì í bẹ̀rẹ̀ sí í sún àtẹ wa kúrò lẹ́yọ-lẹ́yọ. Èmi náà sún tèmi. Lọ́jọ́ tó wá san owó àjọ, mo ní kó kó o sórí àpótí, n ò fi ọwọ́ gbà á. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà a ò rí i lọ́jà mọ́.

Ọmọ rẹ̀ ló wá gbé e lọ sí ọsibítù. Ikọ́ ife ni wọ́n bá lára rẹ̀. Wọ́n sì tún bá àìsàn mìíràn tó ti jẹ gbogbo agbára ara rẹ̀ tán kí ikọ́ tó wọlé. Èwo ni àìsàn ọ̀hún? Kì í ṣe tèmi láti sọ. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹlòmíràn má baà jìyà bíi tòun.

1. KÍ NI IKỌ́ IFE?

Òun náà ni àwọn kan ń pè ní ikọ́ fée, tí àwọn dókítà ń pè ní T.B. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Dókítà ará Jámánì kan, Robert Koch, ló kéde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1882 pé òun ti rí kòkòrò náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àyájọ́ ikọ́ ife lágbàáyé ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta lọ́dọọdún. Nítorí náà, kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àrùn ìdílé.

Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Bí ẹni tó ní in nínú ẹ̀dọ̀fóóró bá wúkọ́ tàbí tó sín, tí kò sì tíì máa lo oògùn, kòkòrò á bá èémí rẹ̀ jáde, ẹni tó wà nítòsí á sì fà á símú. Ibi tí ènìyàn pọ̀ sí tí atẹ́gùn kò ráàyè wọ̀ ló fẹ́ràn jù. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù tí a tì pa, ẹ wo yàrá kan tí ènìyàn méje ń sùn sí.

Ṣùgbọ́n kì í ran nípa ìbọwọ́, kì í ran nípa abọ́ oúnjẹ, kì í ran nípa aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ran nípa owó. Owó tí mo kọ̀ láti fọwọ́ gbà lọ́jọ́sí, kò sí ikọ́ lára rẹ̀. Àìmọ̀ mi ni.

2. ỌDẸ TÓ Ń ṢỌ́ ARA

Àwọn onímọ̀ ní bíi ẹnì kan nínú mẹ́rin láyé ló ti fa kòkòrò yìí símú. Ó lè wà lára èmi, ó lè wà lára ìwọ. Ṣùgbọ́n nínú 100 ènìyàn tó fà á símú, bíi 5 sí 10 péré ló máa ń ṣàìsàn rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Kí ló dé tí àwọn yòókù kò fi ṣàìsàn?

Ẹ rántí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà wa lóru. Olè mọ ibi tí ìsọ̀ wa wà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdẹ bá ń rìn káàkiri pẹ̀lú iná lọ́wọ́, olè á fara pamọ́. Ọlọ́run fi irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí kòkòrò bá wọlé, àwọn ọdẹ ara á yí i ká, wọ́n á dè é mọ́lẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n kò lè dìde. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún. Ọjọ́ tí àárẹ̀ bá mú ọdẹ ni olè á já kọ́kọ́rọ́. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́.

3. KÍ LÓ Ń JẸ́ KÍ ÒGIRI LANU?

(a) Kòkòrò HIV, èyí tó ń di éèdì bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Àwọn ọdẹ ara gan-an ni ó ń pa. Ewu tí ẹlòmíràn yóò fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rí, 5 sí 10 nínú 100, òun ni ẹni tó ní HIV tí kò lo oògùn ń rí láàárín ọdún kan ṣoṣo.

(b) Ìtọ̀ ṣúgà. Ó ń sọ ewu ikọ́ ife di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ wa ló ní in tí a kò mọ̀.

(d) Ebi àti oúnjẹ tí kò ṣara lóore. Àwa tí a ń tà á fún aráyé, àwa la máa ń fi gààrí àti omi tútù ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ fi ẹ̀wà sí i, ẹ fi ẹyin sí i, ẹ fi ẹ̀fọ́ sí i.

(e) Sìgá, ọtí àmujù, àti èéfín. Ẹ̀yin tó ń yan ẹja, tó ń yan gààrí, tó ń se irú, èéfín igi ń ba ẹ̀dọ̀fóóró jẹ́. Ẹ dáná níbi tí atẹ́gùn wà, ẹ má gbé ìkókó sẹ́yìn nídìí iná.

(ẹ) Ọjọ́ orí. Ara àgbà àti ara ọmọ ìkókó kò le tó ti ọ̀dọ́. Abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ irú ikọ́ ife tó burú jù fún ọmọdé. Ẹ má jẹ́ kó fo ọmọ yín.

Kì í ṣe ikọ́ ife nìkan ló ń gba ẹnu ògiri wọlé. Òtútù àyà náà ń bẹ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1981, iléeṣẹ́ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ jáde pé ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún ní Los Angeles ní irú òtútù àyà kan tó jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára mọ́ ló sábà máa ń mú. Méjì ti kú nínú wọn. Bí ayé ṣe kọ́kọ́ gbọ́ nípa éèdì nìyẹn: láti ara ẹ̀dọ̀fóóró.

4. ÀWỌN TÍ KÒ FI PAMỌ́

Fela Aníkúlápó-Kútì kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó ní éèdì ló fa ikú àbúrò òun. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé irọ́ òyìnbó ni éèdì. Ìdílé ńlá ni tiwọn, wọn ì bá fi bò ó mọ́lẹ̀. Wọn kò bò ó.

Nelson Mandela náà ní ikọ́ ife nígbà tó wà lẹ́wọ̀n ní ọdún 1988. Wọ́n tètè rí i, ó lo oògùn, ó sàn. Ó jáde lẹ́wọ̀n ní 1990, ó di Ààrẹ South Africa ní 1994, ó sì pé ọmọ ọdún 95 kó tó kú ní 2013. Ní ọdún 2004, ó dìde ní ìpàdé ńlá kan lórí éèdì ní ìlú Bangkok, ó sọ fún wọn pé òun ti ní ikọ́ ife rí, àti pé a ò lè ṣẹ́gun éèdì bí a bá fi ikọ́ ife sílẹ̀. Ṣé ẹni tí Mandela kò tijú ohun tó ṣe é, àwa ni ká máa tijú?

5. ÀMÌ RẸ̀

Ikọ́ tó tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibà ìrọ̀lẹ́. Òógùn tó ń rẹ aṣọ lóru. Rírù. Kí oúnjẹ má wuni jẹ. Àyà dídùn. Ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Kò dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé o. Ẹni tó ní HIV kò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ méjì rárá. Ikọ́ èyíkéyìí tó bá mú un, kó tètè lọ.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni ká lọ. Wọ́n á gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wa yẹ̀ wò, wọ́n sì lè ya fọ́tò àyà. Bí wọ́n bá ní ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Adó-Èkìtì, ẹ jẹ́ ká lọ. Bí ó bá jẹ́ ikọ́ ife, ẹ ní kí wọ́n yẹ HIV àti ṣúgà wò pẹ̀lú. Ẹ kó àwọn ará ilé lọ fún àyẹ̀wò, pàápàá àwọn ọmọdé.

6. ÌWÒSÀN RẸ̀

Ó ń sàn! Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Oṣù méjì àkọ́kọ́, oríṣi oògùn mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin tó kù, oríṣi méjì. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fúnni ní oògùn ikọ́ ife. Oògùn HIV náà ti di ọ̀fẹ́ láti ọdún 2006, ẹni tó bá ń lò ó dáadáa, àwọn ọdẹ ara rẹ̀ á tún gbéra. Oògùn ikọ́ ife máa ń sọ ìtọ̀ di pupa bí omi ọsàn, ẹ má fòyà. Ṣùgbọ́n bí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ibà pọ́njúpọ́njú, ẹ sáré padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ibi tí a ti ń ṣubú nìyí: lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ikọ́ á lọ, ara á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dán, a ó ní ọjà ti yá, a ò ráyè ọsibítù mọ́. Kòkòrò tó ṣẹ́kù á ti mọ ọgbọ́n oògùn. Bó bá padà dìde, oògùn tẹ́lẹ̀ lè má ràn án mọ́, èyí tó le jù tó sì pẹ́ jù ni wọ́n á máa wá kiri. Ẹ lò ó parí.

Ẹni tó bá sì ń lo oògùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kì í lè ran ẹlòmíràn mọ́. Kí la wá ń sá fún?

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ẹni tí ara rẹ̀ jẹ́ àpáta Olósùnta. Obìnrin tí mo sọ yẹn ti lo oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé, ó ti padà sídìí àtẹ rẹ̀. Mo ti lọ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo sì ti sún àtẹ mi padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

ÌBÉÈRÈ TÍ A Ó JÍRÒRÒ NÍNÚ ÌPÀDÉ

1. Ta ni nínú wa tó ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ta ló máa bá a lọ sí ọsibítù?
2. Ta ló máa bá a mójú tó ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá lọ gba oògùn?
3. Ṣé a lè yọ díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ fún owó ọkọ̀ ẹni tó bá ń gba ìtọ́jú?
4. Ṣọ́ọ̀bù àti yàrá ta ni fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí?

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́